Bí a ṣe ń sọ fọ́tò ìrìn-àjò di iṣẹ́ ọnà ara ògiri

Ohun tó máa ń ba kọ́láàjì ìrìn-àjò, ìyẹn oríṣiríṣi fọ́tò tí a tò tí a sì lẹ̀ pọ̀ sójú kan, jẹ́ kì í ṣe gọ́ọ̀mù tí kò dáa tàbí abẹ tó ti kú. Àpọ̀jù fọ́tò ni. Èèyàn á ti ìrìn-àjò dé pẹ̀lú àìmọye fọ́tò nínú fóònù, kò ní fẹ́ fi ìkankan sílẹ̀, á wá kó gbogbo wọn dà sára pákó kan ṣoṣo. Òkun á wà níbẹ̀, òkè á wà níbẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú, ojú gbogbo ẹbí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síwájú ògiri náà kò ní mọ ibi tó yẹ kí ojú òun kọ́kọ́ bà lé. Kò ní pẹ́ tí kò fi ní sẹ́ni tó ń wò ó mọ́ nínú ilé.

Ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ lórí yíyan fọ́tò kí n tó débi gígé àti lílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pákó kan tó fẹ̀ ní séntímítà 70, tó ga ní 50, tí fọ́tò 11 péré wà lára ẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ abẹ dì mú lè parí rẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ méjì, lẹ́yìn tí fọ́tò bá ti jáde.

Kí ni ìrìn-àjò náà sọ?

Kí ẹ tó ṣí fóònù, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí i nípa ìrìn-àjò yẹn. Kì í ṣe orúkọ ibi tí ẹ lọ. Ohun tó kù lọ́kàn yín ni kí ẹ kọ: "òjò ò dá fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, síbẹ̀ a gbádùn", "ojú irin yẹn gùn ju bí mo ṣe rò lọ", "ìgbà àkọ́kọ́ tí màmá wa máa fojú rí òkun". Gbólóhùn yẹn ni adájọ́. Fọ́tò tó bá bá a mu á wọlé. Èyí tí kò bá a mu, bó ti wù kó rẹwà tó, inú fóònù ni kó jókòó sí.

Ọ̀nà mìíràn wà, òun gan-an ni èmi fẹ́ràn jù: kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ojú yín máa ń wá níbikíbi tí ẹ bá dé. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ fèrèsé ọkọ̀, tàbí ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́, tàbí ẹsẹ̀ yín lórí oríṣiríṣi ilẹ̀: yanrìn, bíríkì, pákó afárá, yìnyín. Ilẹ̀kùn 11 láti ibi 11 máa ń dá èèyàn dúró ju ilé gogoro tí gbogbo ayé ti rí lórí káàdì lọ. Ẹni tó bá ya ilé gogoro yẹn, àwọn tó ya irú ẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà kò lóǹkà. Ilẹ̀kùn tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, tí ajá sùn síwájú ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín.

Yíyan náà fúnra rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ sáré: gbogbo fọ́tò tó bá gbólóhùn yẹn mu, ẹ fi àmì sí i, ẹ má rò ó púpọ̀, kí ẹ dúró tó bá ti tó 60. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí ojú tó ti rẹ̀ kò lè yan nǹkan. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kí gbogbo 60 náà hàn lójú fóònù ní kékeré, kí ẹ dín ojú yín kù, kí ẹ wò wọ́n báyìí. Fọ́tò tí ẹ kò bá lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ nígbà tó kéré, kò ní ṣe iṣẹ́ kankan fún ẹni tó bá ń wò ó láti orí àga lódìkejì yàrá. Ẹ yọ títí yóò fi ku 25. Ìpele kẹta ló le jù, láti 25 sí 11. Méjì méjì ni kí ẹ máa fi wọ́n wé ara wọn níbẹ̀. Tí fọ́tò òkun méjì bá jọra, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ.

Bí ẹ ṣe ń yọ ọ́, ẹ máa kíyè sí bí ohun tó wà nínú fọ́tò ṣe jìnnà sí kámẹ́rà tó. Èyí tí a yà láti òkèèrè ń sọ ibi tí ẹ wà. Èyí tí kò jìnnà púpọ̀ ń sọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ń ṣe. Èyí tí a sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí ló ń sọ bí ibẹ̀ ṣe rí lára. Irú àkọ́kọ́ yẹn pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa; irú kẹta ló máa ń ṣọ̀wọ́n: okùn ọkọ̀ ojú omi tí iyọ̀ ti gbẹ mọ́ lára, ipa ìka lára fèrèsé tí òjò ti mú kó ṣú, eruku lójú bàtà. Nínú 11 yìí, ẹ jẹ́ kí mẹ́ta, ó kéré tán, jẹ́ irú èyí. Bí ẹ kò bá yà á, ẹ wo inú àwọn fọ́tò ńlá dáadáa. Ọwọ́ ẹnì kan tàbí igun kan lè wà níbẹ̀ tí ẹ lè gé jáde.

Àwọ̀ ló kù. Fọ́tò tí a yà lọ́sàn-án gangan àti èyí tí a yà lábẹ́ gílóòbù yàrá ilé ìtura kì í bára wọn gbé, torí ọ̀kan á tutù lójú, èkejì á pupa rúsúrúsú. Ẹ wo àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó pọ̀ jù nínú 11 náà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jọba. Tí ẹyọ kan tí ọkàn yín kò gbà kí ẹ yọ bá ń bá àwọn tó kù jà, ẹ sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun. Bí ìjà náà bá wá pọ̀ jù, ẹ sọ gbogbo wọn di dúdú-òun-funfun, ẹ̀ẹ̀kan náà ni rògbòdìyàn á parí.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa ojú àjèjì: ẹni tí ojú rẹ̀ hàn kedere, tí ẹ kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí ẹ yà á, ẹ wá fọ́tò mìíràn tó ti kọ ẹ̀yìn, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Inú ilé yín ló máa wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò á wá, wọ́n á yà á, ó sì lè dé ibi tí ẹ kò rò.

Fọ́tò olórí

Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Nínú 11 yìí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ tóbi ju gbogbo yòókù lọ, kí ojú lè kọ́kọ́ débẹ̀ kó tó máa rìn káàkiri. Kò pọn dandan kó jẹ́ òun lẹ fẹ́ràn jù. Èyí tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú ẹ̀ ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí: ọ̀nà kan tó ń lọ gbọọrọ, ènìyàn kan ṣoṣo létí omi, ilé kan lábẹ́ òfuurufú tó gbòòrò. Fọ́tò ọjà tí èrò kún fọ́fọ́ máa ń dùn ún wò ní kékeré. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ńlá, á gba gbogbo ariwo pákó náà ṣe. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ tún ìlà ojú omi tàbí ojú ilẹ̀ inú ẹ̀ ṣe kó dúró gbọọrọ. Òkun tó dagun díẹ̀ nínú fóònù kì í hàn, ṣùgbọ́n lára ògiri, àlejò á rò pé pákó yín ló wọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì, òǹtẹ̀ àti máàpù

Ẹ lè fi nǹkan wọ̀nyí rọ́pò fọ́tò kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ẹ má lẹ ojúlówó wọn. Ọ̀pọ̀ káàdì ìwọkọ̀ òfuurufú, rìsíìtì àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lóde òní, orí bébà tí ooru ń kọ̀wé sí ni wọ́n ń tẹ̀ wọ́n sí. Kò sí tàdáwà níbẹ̀ rárá. Kẹ́míkà tí wọ́n fi pa ojú bébà náà ló ń dúdú níbi tí orí ẹ̀rọ gbígbóná bá ti kàn án. Torí náà, tí ẹ bá gbé e fún àwọn tó ń fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé, dúdú kirikiri ló máa jáde. Ìmọ́lẹ̀ ní tiẹ̀ á máa pa ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí á fi ku bébà lásán. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú bébà yẹn ni, ẹ fi èékánná ha ojú ẹ̀ kíá lẹ́ẹ̀kan. Bí ìlà dúdú bá jáde, òun ni.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ dáa sí, kí ẹ tẹ ẹ̀dà jáde lórí bébà tó nípọn, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó sínú àpòòwé níbi tí oòrùn kò dé. Kóòdù ìlà-ìlà ara káàdì ìwọkọ̀ òfuurufú, ẹ bò ó nínú ẹ̀dà náà. Orúkọ yín àti nọ́ńbà ìrìn-àjò yín wà nínú ẹ̀, fóònù lásán sì lè kà á. Òǹtẹ̀ inú ìwé ìrìnnà yín náà, fọ́tò ojú ìwé tí òǹtẹ̀ wà nìkan ni kí ẹ yà. Ẹ má fa ìwé kankan ya kúrò nínú ẹ̀, ìwé ìrìnnà tó bá ti ya lè di èyí tí wọn kò gbà mọ́.

Ní ti máàpù, ẹ lè tẹ ti OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹ kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀ ti tó. Ẹ fi bírò aláwọ̀ kan fa ọ̀nà tí ẹ gbà lórí ẹ̀. Máàpù tó ní ìlà ìrìn-àjò lára máa ń jókòó dáadáa nítòsí fọ́tò olórí.

Títẹ̀ jáde

Kí fọ́tò tó mọ́ lórí bébà, píksẹ́lì (àwọn tóótòòtó àwọ̀ tó para pọ̀ di fọ́tò) 300 nínú íǹṣì kan ni òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń tẹ fọ́tò ń lò. Èyí túmọ̀ sí pé fọ́tò 10 sí 15 séntímítà (10 níhà kan, 15 níhà kejì) ń fẹ́ píksẹ́lì bí 1200 sí 1800. Fọ́tò olórí wa, tó máa jẹ́ 31 sí 21, ń fẹ́ nǹkan bí 3660 sí 2480. Fóònù tó ń ya mẹ́gápíksẹ́lì 12 máa ń fún yín ní 4000 sí 3000, ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Tí fọ́tò olórí kò bá pé 300, ẹ má bẹ̀rù. 200 kì í hàn sí ẹni tó jìnnà díẹ̀ sí ògiri.

Ibi tí ìṣòro ti ń wá ni fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, torí ó máa ń fún fọ́tò kó lè tètè lọ, píksẹ́lì rẹ̀ á sì dín. Ẹ ní kí ẹni tó yà á fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò. Èyí tí ẹ gé láti ojú fóònù náà kò dáa, àfi tó bá máa kéré.

Ohun kejì ni ìrísí. Fọ́tò fóònù sábà máa ń jẹ́ 4 sí 3, bébà 10 sí 15 sì jẹ́ 3 sí 2. Wọn ò bára mu. Tí ẹ bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló máa pinnu ohun tí yóò gé sọnù, ẹ̀rọ kò sì mọ orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gé e sí ìwọ̀n tó yẹ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún mọ̀ pé ojú fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀, bébà kì í tàn án, nítorí náà fọ́tò máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ tó bá jáde. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan wò, èyí tó dúdú jù nínú gbogbo wọn, kí ẹ tó tẹ àwọn tó kù. Bébà tí kì í dán ni kí ẹ béèrè. Èyí tó ń dán máa ń gbé fèrèsé àti gílóòbù sójú ara ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kọjá lẹ máa rí ara yín dípò òkun. Fọ́tò olórí á wọ bébà A3 dáadáa, àwọn tó dúró lóòró á wọ A4, ẹ ó kàn gé etí wọn ni.

Ìṣirò pákó

Ẹ fojú inú pín pákó 70 sí 50 yẹn sí àyè 16, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òòró, tí àyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́tò 15 sí 10 tó dábùú. Ẹ fi àlàfo séntímítà kan sáàárín wọn. Ní ìbú, 15 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 60, àlàfo mẹ́ta sọ ọ́ di 63, ó ku 7: ẹ pín in sí 3.5 lápá ọ̀tún, 3.5 lápá òsì. Ní òòró, 40 àti 3 jẹ́ 43, 7 náà ló kù, 3.5 lókè, 3.5 nísàlẹ̀. Gbogbo etí á dọ́gba láìfi ipá ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìwọ̀n yìí.

Fọ́tò olórí á gba àyè mẹ́rin, ìyẹn 31 sí 21 tí ẹ bá ka àlàfo mọ́ ọn. Ẹ mú méjì tó dúró lóòró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àyè méjì, 15 sí 21. Àyè mẹ́jọ ló kù fún fọ́tò kéékèèké mẹ́jọ. Ọ̀kan, méjì, mẹ́jọ: 11 pé.

Ẹ má gbé fọ́tò olórí sí àárín gbùngbùn. Á dà bí ìgbà tí èèyàn bá dúró gbagidi fún fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ẹ gbé e sí apá òsì, kó gba ìlà kejì àti ìkẹta láti òkè. Ẹ fi olóòró kan sí igun òkè lápá ọ̀tún, kí èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò olórí lápá ọ̀tún, láti ìlà kẹta dé ìsàlẹ̀. Àwọn kéékèèké á wọ ibi tó kù.

Níbí ni kí ẹ ti lo àkókò yín. Ẹ gé bébà èyíkéyìí sí ìwọ̀n fọ́tò kọ̀ọ̀kan tàbí kí ẹ lo fọ́tò gan-an tó bá ti jáde, kí ẹ tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ gun orí àga, kí ẹ ya gbogbo ẹ̀ láti òkè. Ẹ pààrọ̀ wọn, kí ẹ tún yà á. Lójú fóònù ni àìdọ́gba tí ojú lásán kò rí ti máa ń hàn. Ohun tí mo máa ń wò rèé: ẹni tó ń wo apá ọ̀tún, ẹ gbé e sí òsì, kó máa wo inú pákó, kó má baà kọ ẹ̀yìn sí ẹbí rẹ̀. Fọ́tò tó ṣókùnkùn, tó wúwo lójú, ìsàlẹ̀ ló yẹ ẹ́. Òkun méjì kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àfi tí ìlà omi wọn bá bọ́ sí ojú kan náà, torí ìlà tó fi díẹ̀ ṣẹ́ máa ń dun ojú ju èyí tó yàtọ̀ pátápátá lọ. Tí ọ̀nà inú fọ́tò kan bá jáde létí ọ̀tún, ẹ wá fọ́tò tí ìlà kan ti wọlé láti òsì, ẹ fi tẹ̀ lé e: afárá, okùn, ọwọ́ tó na síta. Ojú á tẹ̀ lé e láìmọ̀.

Àwọn kan kò fẹ́ràn àyè tó dọ́gba báyìí. Picasso àti Braque, àwọn ayàwòrán tí wọ́n ti ń lẹ bébà mọ́ àwòrán wọn láti ọdún 1912 kò lo rúlà bí tèmi yìí. Tí ẹ bá fẹ́ kí fọ́tò máa gun ara wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ fi olórí kẹ́yìn sókè, kí ẹ má sì jẹ́ kí èyíkéyìí bo ojú ènìyàn. Ọ̀nà kan tún wà tí ayàwòrán David Hockney lò púpọ̀ ní àwọn ọdún 1980: kí ẹ dúró sójú kan, kí ẹ ya ibi kan ṣoṣo ní ìdá bí 30, fọ́tò kọ̀ọ̀kan á fi ìdá mẹ́ta kan wọnú èkejì, kí ẹ wá tò wọ́n padà di ibi kan náà. Etí wọn kò ní bára mu, kò sì yẹ kí wọ́n bára mu. Ibùdókọ̀ ojú irin tí èrò ń wọ̀ tí wọ́n ń sọ̀ dára púpọ̀ fún un, ẹnì kan náà lè hàn lẹ́ẹ̀mẹta níbẹ̀. Ìrìn-àjò tí ẹ kò tíì lọ lẹ máa fi ìyẹn ṣe, torí kò ṣeé fi fọ́tò àtijọ́ ṣe.

Pákó, gọ́ọ̀mù àti abẹ

MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tó nípọn ní mílímítà 6 ni mo yàn. Ó tẹ́jú, kì í tètè wọ́, ní ìwọ̀n yìí ó sì wúwo bíi kílò kan ààbọ̀. Páálí fóòmù fúyẹ́, ó sì yẹ fún ògiri tí ẹ kò fẹ́ dá ihò sí, ṣùgbọ́n kì í gba gọ́ọ̀mù olómi dáadáa. Ẹ má lo páálí tí wọ́n fi kó ẹrù wá. Èròjà inú igi tó wà nínú ẹ̀ máa ń mú kó pọ́n tó bá pẹ́, á sì kó bá fọ́tò. Ẹ kun MDF náà ní ọ̀dà lójú àti lẹ́yìn, kì í ṣe ojú nìkan, torí tí apá kan bá mu omi tí èkejì kò mu, pákó á tẹ̀. Ní ti àwọ̀ ọ̀dà, ẹ mú un láti inú fọ́tò olórí: àwọ̀ yanrìn rẹ̀, tàbí ibi tó ṣókùnkùn jù nínú omi rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò dáa, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ásíìdì nínú ni kí ẹ wá. Gọ́ọ̀mù onírọ́bà tí wọ́n fi ń lẹ bàtà máa ń yọ àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ jáde lójú bébà tó bá pẹ́. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù omi, téèpù alápá méjì tó fẹ̀ wà, ó ṣiṣẹ́ fún àwọn fọ́tò kéékèèké, ṣùgbọ́n kò sí àyè àtúnṣe: ibi tó bá kọ́kọ́ kàn ló máa wà. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ inkjet (èyí tó ń fi tàdáwà olómi tẹ̀wé) tẹ fọ́tò yín nílé, ẹ kọ́kọ́ fi ìka tútù nu igun ọ̀kan tí ẹ kò ní lò. Tí àwọ̀ bá dà, téèpù ni kí ẹ lò.

Ẹ ti abẹ tuntun bọ inú ọwọ́ abẹ, kí ẹ wá rúlà onírin. Ti ọ̀rá máa ń jẹ́ kí abẹ jẹ ẹ́. Orí apá fọ́tò tí ẹ fẹ́ lò ni kí rúlà wà, kó lè jẹ́ pé bí abẹ bá yẹ̀, apá tí ẹ máa jù nù ló máa gbà á. Ẹ fà á ní fúúyẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú agbára. Ìka ọwọ́ tó di rúlà mú, ẹ kó o sẹ́yìn.

Lílẹ̀

Ẹ fi pẹ́ńsù fa àyè 16 náà sójú pákó ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Fọ́tò olórí ni kí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀, òun ni gbogbo yòókù máa fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ da fọ́tò dojú bolẹ̀ lórí bébà mímọ́. Ẹ da gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí àárín, kí ẹ fi etí káàdì àtijọ́ kan tẹ́ ẹ lọ síhà gbogbo títí dé etí, kó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa rí àwọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò lábẹ́ ẹ̀. Tó bá pọ̀ tó ń ṣàn, ẹ kó o kúrò. Ẹ gbé fọ́tò náà, kí ẹ fi etí rẹ̀ kan ṣoṣo kan ìlà pẹ́ńsù, kí ẹ jẹ́ kí apá tó kù máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi bébà oníyẹ̀ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sínú páànù búrẹ́dì bò ó, torí gọ́ọ̀mù kì í mú un, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti àárín lọ sí etí. Gọ́ọ̀mù tó bá yọ létí, aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún kíá, kó tó gbẹ di ìlà tó ń dán.

Tí ẹ bá lẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ sinmi, ẹ wò ó láti òkèèrè, kí ẹ tó máa bá a lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ fi bébà oníyẹ̀ẹ́rẹ́ bo gbogbo ojú pákó, kí ẹ to ìwé ńláńlá lé e lórí, kó di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn fọ́tò tó wá láti ilé ìtẹ̀fọ́tò sábà máa ń ní ọ̀rá, gọ́ọ̀mù kì í tètè gbẹ lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i wò ní wákàtí kejì á fọwọ́ ara ẹ̀ gbé etí rẹ̀ dìde. Bí afẹ́fẹ́ bá há sábẹ́ ọ̀kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kan níbi tí àwòrán ti ṣókùnkùn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Gíláàsì ńkọ́? Èmi kì í sábà fi í sí i, torí ó ń wúwo, ó sì ń dán. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fi ohun kan tó nípọn ní mílímítà mẹ́ta sí etí fírémù kí gíláàsì má fara kan fọ́tò. Ọ̀rinrin máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ tí ojú fọ́tò kò ní bó. Tí kò bá sí gíláàsì, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ti tó fún eruku.

Gbígbé e kọ́

Ẹ sá fún ògiri tí oòrùn ń bà tààrà. Òun ló ń pa àwọ̀ fọ́tò. Ẹ sá fún òdìkejì fèrèsé pẹ̀lú bí ẹ bá lo gíláàsì.

Àárín pákó ló yẹ kó wà ní nǹkan bí séntímítà 145 sí ilẹ̀, níbi tí ojú ènìyàn tó dúró máa ń bọ́ sí. Tó bá jẹ́ òkè àga ló wà, ẹ gbàgbé 145, ẹ fi àlàfo 15 sí 20 sáàárín orí àga àti ìsàlẹ̀ pákó. Ẹ fi síkúrúù kékeré de òrùka onírin méjì mọ́ ẹ̀yìn, séntímítà 17 sí etí òkè. Ẹ rí i pé síkúrúù náà kúrú ju mílímítà 6 lọ, kó má yọ sójú fọ́tò. Ìṣó méjì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọ̀kan, torí orí ìṣó kan ni pákó ti máa ń rọra yí, tí ẹ ó sì máa tún un ṣe lójoojúmọ́.

Ibi tí ìṣó máa wà rọrùn láti ṣírò: àárín wà ní 145, ìdajì gíga pákó jẹ́ 25, etí òkè á wà ní 170. Ẹ yọ 17 kúrò, 153 ni ìṣó. Ṣùgbọ́n kí ẹ má baà lu ògiri lásán, ẹ gé bébà kan sí 70 sí 50, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́yìn pákó, ẹ fi àmì sí ibi tí òrùka ti máa fara ti ìṣó. Ẹ yí bébà náà padà, kí ojú rẹ̀ tó wà lẹ́yìn wá síwájú, kí ẹ fi téèpù bébà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà tàbí ti inú fóònù á sọ bóyá ó dọ́gba. Ẹ lu ìṣó láti ojú bébà náà, kí ẹ wá ya bébà kúrò. Ògiri sìmẹ́ńtì ń fẹ́ ìṣó irin tó le tàbí dírìlì. Ògiri onípáálí ń fẹ́ ìdè ọlọ́wọ́ tó máa ń là lẹ́yìn ògiri. Ẹ lẹ rọ́bà kékeré méjì mọ́ igun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn pákó, kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, kí ògiri má sì ní àmì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi ìka tọ́ etí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá gbéra, ẹ fi igi ìtayín ti gọ́ọ̀mù bíńtín sábẹ́ ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bébà oníyẹ̀ẹ́rẹ́, kí ẹ fi téèpù bébà dì í mú di àárọ̀.